Ẹni Tó Pa Olú Tíṣà

Olú tó ń dáàbò bo ọgbà àjàrà Tíṣà Joel Àbọ̀dé ní Ìlọrà kú sínú ìkòkò tí wọ́n ti ń sìn ín, wọ́n sì ti Ṣàmsúdéènì Láwàl mọ́lé pé òun ló bu májèlé sí i.

Kì í ṣe olú tí à ń fi se ọbẹ̀. Ohun wẹ́wẹ́ ni, irú èyí tó máa ń hù sára búrẹ́dì tó bá ti bu, àfi pé àwọ̀ tirẹ̀ dà bí ewé. Tíṣà gba irúgbìn rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe ìwádìí ohun ọ̀gbìn ní Ìbàdàn. Ó máa ń se ọkà bàbà, á jẹ́ kó tutù, á po irúgbìn olú náà mọ́ ọn, á fi aṣọ bo ẹnu ohun tó kó o sí. Tí ọkà náà bá ti di aláwọ̀ ewé tán, á bù ú sí ìdí àjàrà kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni olú náà á ti máa jẹ olú burúkú tó máa ń mú kí gbòǹgbò jẹrà lásìkò òjò. Òmíràn wà nínú wọn tó ń pa ikán. Tíṣà kì í fín oògùn kankan sí ọgbà rẹ̀, àjàrà rẹ̀ sì ń so.

Ẹ̀rín ni wọ́n fi í rín nígbà tó kọ́kọ́ kó ẹ̀ka àjàrà dé láti òkè Ọya, níbi tó ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Wọ́n ní inú Bíbélì nìkan ni àjàrà wà. Nígbà tó so, ẹ̀rín dá. Fìdítì ní ọsàn, Fìdítì ní ọ̀pẹ̀yìnbó, ṣùgbọ́n Ìlọrà ló ní àjàrà, kò sì sí àlejò tó wọ ìlú tí wọn kì í mú lọ wò ó.

Ní oṣù kẹfà ọdún 1996, ewé àjàrà bẹ̀rẹ̀ sí pọ́n. Tíṣà ṣí àwọn ìkòkò tó wà nínú ahéré rẹ̀ wò. Ọkà inú wọn ti rọ̀, ó ń rùn, kò sí olú kankan lára rẹ̀. Wọ́n wá ẹ̀yìn ahéré náà, wọ́n rí ìgò oògùn oko kan tó ti ṣófo. Ṣọ́ọ̀bù Ṣàmsúdéènì nìkan ló ń ta irú oògùn bẹ́ẹ̀ nílùú.

Ọ̀gá ọlọ́pàá ní ẹjọ́ ti parí, pé tó bá di Ọjọ́ Ajé, wọ́n á gbé ọkùnrin náà lọ sí kóòtù l'Ọ́yọ̀ọ́. Sájẹ́ǹtì Mobọ́lá Akínwándé ní òun kò tíì rí ibi tó parí sí. Obìnrin tí kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ púpọ̀ ni. Ó ti rí i pé ẹni tó bá ń to ọ̀rọ̀ dáadáa níwájú ọlọ́pàá, ohun kan wà tó ń fi ọ̀rọ̀ náà bò. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó lọ, kó má pẹ́.

*

Ṣàmsúdéènì jókòó sílẹ̀ ní àtìmọ́lé, fìlà rẹ̀ wà lórí rẹ̀, ó na ẹ̀yìn bí ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀. Mobọ́lá bi í bóyá lóòótọ́ ló sọ nínú ìpàdé àwọn àgbẹ̀ pé olú Tíṣà máa kú kí òjò tó lọ.

"Mo sọ ọ́."

"Kí ló dé tí ẹ fi sọ ọ́?"

"Oògùn ni mò ń tà, Sájẹ́ǹtì. Ṣé kí n máa polówó olú ni?"

"Ìgò yín ni wọ́n rí lẹ́yìn ahéré."

"Ìgò mi wà ní gbogbo ilé ní Ìlọrà. Ẹ lọ wo ilé ìdáná ìyàwó ọ̀gá yín."

Mobọ́lá kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó wù ú kó rín. Ó sọ fún un pé Tíṣà ti ní tó bá lè tọrọ àforíjì, òun á jáwọ́ nínú ẹjọ́ náà. Ojú ọkùnrin náà yí padà. Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì Hàwáù, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin. Àwọn àna láti Jọ́bẹ̀lẹ̀ sì ti ránṣẹ́ pé àwọn kò ní gba ìyàwó láti ilé ẹni tó ń da májèlé sóko olóko.

"Tí mo bá bẹ Tíṣà, wọ́n á so yìgì náà," ó ní. "Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí oúnjẹ bá bàjẹ́ nílé ọkọ rẹ̀, ọwọ́ ọmọ mi ni wọ́n á máa wò. Mi ò bẹ̀. Ẹ lọ wá ẹni tó ṣe é."

"Tó bá jẹ́ ẹ̀yin lẹ ṣe é ńkọ́?"

"Tó bá jẹ́ èmi ni, ṣé mo máa wá fi ìgò mi síbẹ̀ ni? Mi ò gọ̀ tó bẹ́ẹ̀."

Òótọ́ ni pé kò gọ̀. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí.

*

Tíṣà pàdé Mobọ́lá lẹ́nu ọ̀nà ọgbà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ nípa ìlara, nípa Káínì àti Ébẹ́lì, nípa bí òkùnkùn kì í fẹ́ ìmọ́lẹ̀. Mobọ́lá dúró títí Tíṣà fi sinmi ẹnu. Ó wá yọ ìgò oògùn náà nínú báàgì rẹ̀, ó ṣí i, ó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó nà án sí Tíṣà. Tíṣà náà gbọ́ ọ. Kẹrosíìnì ló ń rùn.

Abọ́sẹ̀dé, ìyàwó Tíṣà, ń ṣa ẹ̀fọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ó gbójú sókè, ó ní, "Ìgò kẹrosíìnì mi nìyẹn. Mo jù ú nù nígbà tí ìdérí rẹ̀ fọ́."

"O rí i tí wọ́n mú ọkùnrin yẹn lọ, o ò sì sọ̀rọ̀," ni Tíṣà wí.

"Ta ló fi ìgò hàn mí? Ẹ̀yin ọkùnrin lẹ wà lẹ́yìn ahéré tí ẹ̀ ń pariwo. Ẹ ní kí obìnrin wọlé. Mo wọlé."

Tíṣà ní ìgò nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, pé Ṣàmsúdéènì lè fi ohun mìíràn gbé májèlé wá. Mobọ́lá kò bá a jiyàn. Olú ti kú, ohun kan ló sì pa á. Bí òun kò bá rí ohun náà, orúkọ Ṣàmsúdéènì náà ni ìlú á máa pè, ìgò ì báà rùn bí kẹrosíìnì, ì báà rùn bí òdòdó.

Ó rìn láàárín àjàrà. Wáyà tí wọ́n ta sórí òpó ni wọ́n nà wọ́n lé. Ewé wọn ti pọ́n, òmíràn ti ń wọ́. Ṣùgbọ́n ìlà kan, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, tutù yọ̀yọ̀. Ó bi Tíṣà léèrè. Tíṣà ní omi ló sún mọ́ ọn.

"Níbo lẹ ti ń pọn omi fún àwọn yòókù?"

"Kànga yẹn náà ni."

"Omi kan náà wá ń wo ọ̀kan sàn, ó ń pa èkejì?"

Tíṣà ṣàlàyé fún ìgbà díẹ̀. Nígbà tó ṣe tán, kò tíì dáhùn. Mobọ́lá wá bi í pé ta ló wọ ahéré láìjẹ́ pé wọ́n rán an. Tíṣà lọ́ra kó tó sọ pé àwọn aládùúgbò rí Olúṣínà, ọmọ àbúrò bàbá òun, tó ń yọ́ jáde níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ ọjà. Gbogbo ìdílé ló mọ̀ pé Olúṣínà fẹ́ kí wọ́n hú àjàrà, kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ síbẹ̀.

*

Olúṣínà ni ó máa ń gbé àwo ọrẹ nínú ìjọ Baptist, ó sì fẹ́ràn kí wọ́n rí i tó gbé e. Mobọ́lá bá a níwájú ilé rẹ̀. Ó bi í ní tààrà ohun tó wá ṣe nínú ahéré.

Ó kọ́kọ́ ní òun lọ kí Tíṣà ni. Mobọ́lá ní Tíṣà wà lọ́jà lọ́jọ́ náà, Olúṣínà fúnra rẹ̀ ló sì bá a gbé ẹrù dé ibẹ̀. Ó ní òjò ló lé òun wọlé. Mobọ́lá ní òjò kò rọ̀. Ó ń wo ilẹ̀. Ọwọ́ Mobọ́lá ti ń lọ síbi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀.

"Àjàrà ni," ni Olúṣínà wí.

"Àjàrà wo?"

"Èyí tí Tíṣà kọ́kọ́ gé lọ́dún yìí, tó dì sínú aṣọ funfun fún oúnjẹ alẹ́ Olúwa. Mo jẹ ẹ́."

"Tíṣà ní ẹyẹ ló jẹ ẹ́."

"Mo mọ̀. Mo bá a bú ẹyẹ."

Mobọ́lá wò ó títí. "Ṣé ó dùn?"

"Ó kan. Sájẹ́ǹtì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí Pásítọ̀ gbọ́."

Mobọ́lá ní Pásítọ̀ kò sí nínú iṣẹ́ òun, kó sọ ohun tó rí níbẹ̀. Ọkùnrin náà sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tí wọ́n gbé ẹrù kúrò lórí rẹ̀. Ó ti ṣí gbogbo ohun tó wà nínú ahéré nígbà tó ń wá àjàrà. Ọkà tó wà nínú ìkòkò ń rùn, kò sí nǹkan lára rẹ̀. Korobá oníke kan wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkà tìyẹn nìkan ló ní olú, ó sì tutù bí ewé kókò.

Mobọ́lá padà lọ bá Tíṣà. Níbo ló bu ọkà inú korobá sí? Tíṣà ronú, ó ní ìlà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga ni, pé ti inú ìkòkò ni òun fẹ́ bù sí àwọn yòókù.

Ọ̀rọ̀ náà wá ń lọ síbì kan. Ọkà kan náà ni wọ́n sè. Irúgbìn kan náà ni wọ́n pò mọ́ ọn. Ahéré kan náà ni wọ́n gbé e sí. Olú inú ike yè, olú inú ìkòkò kú. Ẹni tó bá fẹ́ pa olú ní ìkọ̀kọ̀ kò ní fo èyí tó wà lẹ́nu ọ̀nà, kó wá máa ṣí àwọn tó wà ní kọ̀rọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Bóyá kò tilẹ̀ sí ẹnì kankan tó wọlé wá pa á.

*

Abọ́sẹ̀dé gbé àkàrà fún Mobọ́lá lórí ewé. Ó jẹ ẹ́ tán, òróró wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rí àwo ìfọwọ́. Ó fa omi nínú kànga, ó dà á sínú ọ̀kan nínú àwọn ìkòkò tí wọ́n ti kó ọkà rẹ̀ dànù, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Òróró náà di funfun, ó ṣí kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń yọ̀. Ibi tí ẹ̀gún ti ha á lẹ́nu ìka ta á.

Ó pe Abọ́sẹ̀dé, ó bi í pé ta ló fi ọṣẹ sínú ìkòkò náà. Abọ́sẹ̀dé ní kò sí ẹni tó fi ọṣẹ síbẹ̀. Mobọ́lá ní kó bá òun mú àkàrà sí i wá, òróró rẹ̀ ni òun fẹ́. Ó fi òróró ra ọwọ́, ó ń dán àwọn ìkòkò náà wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Gbogbo wọn ló ń fọ òróró bí ẹni pé ọṣẹ wà nínú omi wọn, àfi ọ̀kan. Nínú ọ̀kan yẹn, òróró dúró sí ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe wà. Ó tẹ orí bọ inú rẹ̀, ó gbọ́ òórùn ọsàn.

Lórí ààtàn tó wà lẹ́yìn ahéré, ó rí èèpo ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ti fún gbẹ. Kò sí ẹni tó ń se ọbẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń wúkọ́. Ó ṣà wọ́n sínú báàgì.

"Tíṣà, níbo lẹ ti rí ìkòkò wọ̀nyí?"

Tíṣà ní olú pọ̀ lọ́dún yìí, ike kò tó, ike sì máa ń mú ooru. Beatrice, ẹ̀gbọ́n òun, ló kó ìkòkò ìyá àwọn fún òun. Mobọ́lá bi í bóyá ó fọ̀ wọ́n kó tó lò wọ́n. Tíṣà wò ó bí ẹni tí wọ́n bú. Ní ilé Àbọ̀dé, ó ní, wọn kì í fọ ohun tí ẹ̀gbọ́n bá fúnni. Ṣé kí òun wá sọ pé ọwọ́ ẹ̀gbọ́n òun dọ̀tí ni?

*

Ìyá Ayọ̀bámi ni gbogbo ìlú ń pe Beatrice Àbọ̀dé. Ọṣẹ dúdú ló ń ṣe. Ìyá rẹ̀ ṣe é, ìyá ìyá rẹ̀ ṣe é. Wọ́n ń ti Fìdítì àti Akínmọ̀ọ́rìn wá rà á, kì í sì í dín owó rẹ̀ kù fún ẹnikẹ́ni. Mobọ́lá bá a tó ń ro ọṣẹ lórí iná. Ìkòkò àgbà tí wọ́n dá ihò sí nídìí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, omi eérú ń kán láti inú rẹ̀ sínú òmíràn.

Mobọ́lá kúnlẹ̀ kí i. Ó bi í pé kí ni wọ́n máa ń fi sí i tí omi eérú bá ta síni lọ́wọ́.

"Ọsàn wẹ́wẹ́. Òun ló ń pa eérú. Ọmọdé ilé yìí mọ ìyẹn."

Mobọ́lá kó èèpo ọsàn náà sórí àpótí. Obìnrin náà wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ń ro ọṣẹ rẹ̀ lọ.

"Màmá, irú ìkòkò tí omi eérú ń kán sí lẹ kó fún Tíṣà."

"Ìkòkò ìyá wa ni mo kó fún un. Ìkòkò tó ti mu eérú yó kì í sán, kì í jò. Ṣé o fẹ́ kí n fún àbúrò mi ní tuntun tó máa fọ́ lọ́la?"

Òótọ́ ló sọ. Lọ́wọ́ ọlọ́ṣẹ, ìkòkò tuntun kò já mọ́ nǹkan, èyí tó ti gbó ni wọ́n ń pín bí ogún. Ó ti fún àbúrò rẹ̀ ní èyí tó dára jù lọ nílé. Àmọ́ eérú tí ìkòkò mu láti ayé ìyá wọn kò jáde lára amọ̀. Nígbà tí ọkà tútù wọ inú rẹ̀, ó sun jáde díẹ̀díẹ̀, olú kò sì lè gbé inú eérú.

"Mo mọ̀ pé ẹ kò fi ṣe ibi," Mobọ́lá ní. "Ìgbà wo lẹ wá mọ̀ pé ìkòkò ló pa á?"

Obìnrin náà yọ orógùn kúrò nínú ọṣẹ, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ọjọ́ tí ẹ mú ọmọ Láwàl. Mo fi ọwọ́ kan ara ìkòkò, ó ń yọ̀, mo mọ̀. Mo kó ọsàn lọ síbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì. Mo fẹ́ fọ gbogbo wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ọ̀kan ni mo fọ̀ tí mo fi gbọ́ ohùn Abọ́sẹ̀dé."

"Ẹ lè sọ̀rọ̀."

"Kí n sọ pé kí ni? Pé ohun tí gbogbo Ìlọrà fi ń yangàn, ìkòkò ìyá mi ló bà á jẹ́?"

"Ọkùnrin kan wà ní àtìmọ́lé, Màmá."

"Mo rò pé ẹ máa tú u sílẹ̀."

"A máa tú u sílẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n tí ọlọ́pàá bá lọ sọ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀ pé kò ṣe é, wọ́n á ní ó ti fún ọlọ́pàá ní nǹkan. Kò sí òfin tó ní ìkòkò kò gbọdọ̀ mu eérú, mi ò lè mú yín lọ síbì kankan. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n ń so yìgì ọmọ rẹ̀."

Obìnrin náà tún mú orógùn rẹ̀. Mobọ́lá lọ.

*

Àwọn àna wá lọ́jọ́ Àìkú, ṣùgbọ́n wọn kò jókòó. Alájì Abdussalam, olórí wọn, ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan kí àwọn tó jókòó. Ṣàmsúdéènì dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, agbádá funfun lọ́rùn rẹ̀, kò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó jókòó. Hàwáù wà nínú yàrá.

Mọ́tò ńlá kan tí wọ́n fi ń kó ọsàn dúró níwájú ilé. Ìyá Ayọ̀bámi sọ̀ kalẹ̀, Tíṣà tẹ̀lé e, wọ́n kó àwọn ìkòkò sílẹ̀, títí kan èyí tí obìnrin náà fi ń sẹ́ omi eérú nílé. Obìnrin náà ní kí Mobọ́lá fi hàn wọ́n. Mobọ́lá fi òróró ra ọwọ́ méjèèjì níwájú Alájì, ó fọ ọ̀kan nínú abọ́, òróró dúró. Ó fọ èkejì nínú ìkòkò, ó mọ́. Ó sọ ìdí rẹ̀ ní ìwọ̀nba.

Alájì ní òun rí i, ṣùgbọ́n ọlọ́pàá lè ti da ọṣẹ sínú omi.

Ìyá Ayọ̀bámi kò wò ó. Ó gbé ìkòkò náà sókè, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Ó ṣa àpáàdì kan, ó nà án sí Alájì. Nínú amọ̀ náà, níbi tó ti ṣẹ́, eérú ti dì funfun bí iyọ̀, ó wọlé dé ìdajì. Ẹnì kan lẹ́yìn ní ọ̀kan ṣoṣo nìyẹn. Ó gbé èkejì, ó sọ ọ́ mọ́lẹ̀. Tíṣà na ọwọ́ láti dá a dúró, ó ti ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Gbogbo wọn ló fọ́, kò fi ọ̀kan sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló kọjú sí Ṣàmsúdéènì. "Ìwọ kọ́ lo pa olú. Ìkòkò mi ni. Mo sì mọ̀, mo dákẹ́."

"Mo gbọ́, Màmá," ni Ṣàmsúdéènì wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún apá tó kẹ́yìn yẹn sọ. Àwọn tó wà lẹ́yìn kò gbọ́."

Ìyá Ayọ̀bámi tún un sọ, sókè, pẹ̀lú orí tó dúró ṣinṣin. Alájì Abdussalam fa àga kan, ó jókòó, àwọn èèyàn rẹ̀ sì jókòó.

Tíṣà padà sí korobá oníke. Ó ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò wọ́n kí ooru má mú wọn, olú rẹ̀ hù, ìdí àjàrà sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ ọ̀mùnú tuntun. Àwọn àlejò tún ń wá wò ó. Ṣàmsúdéènì kò gbà títí dòní pé olú lè ṣe iṣẹ́ oògùn, ó sì ń sọ ọ́ ní gbogbo ìpàdé. Ìyá Ayọ̀bámi ra ìkòkò tuntun. Ó sán. Ó ra òmíràn, ìyẹn kàn ń fa omi eérú mu ni, kò jẹ́ kí èyí tó lágbára kán jáde, ọṣẹ tó sì fi ṣe kò dì. Ó gbìyànjú títí ọ̀gbẹlẹ̀ fi dé. Kí ọdún náà tó parí, obìnrin tí ọṣẹ rẹ̀ ti fọ ìdajì Ìlọrà mọ́ ń rán Ayọ̀bámi lọ ra ọṣẹ òyìnbó ní ṣọ́ọ̀bù.